Abúlé Tí Ilẹ̀ Rẹ̀ Ń Rọ̀: Ìrìn-Àjò Mi sí Etí Òkun Ṣílè

Láti ìgbà tí mo ti padà dé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí láti Òde-Ayé títí dé Òkìtìpupa. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, lójú ọ̀nà oko, lórí ọ̀kadà: "Bọ́sẹ̀, ṣé lóòótọ́ ni ilẹ̀ ń mì níbi tí o lọ?" Lóòótọ́ ni. Ó ń mì bí afárá pákó ṣe ń mì tí ọkọ̀ akẹ́rù bá ń gorí rẹ̀ kọjá. Àwọn kan tún ń béèrè bóyá mo rí i dá dúró. Rárá o. Kò sí ẹni tó lè dá a dúró. Àwọn mìíràn sì ń sọ ọ́ kiri pé mo lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ ríran. Ìyẹn náà kì í ṣe òótọ́, ìdí sì nìyí tí mo fi jókòó láti kọ bí ó ṣe rí gan-an.

Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Òkìtìpupa. Ẹ̀ka rẹ̀ tí mo yàn láàyò ni èyí tó ń wádìí inú ilẹ̀. Ilẹ̀ tiwa kì í sábà mì, torí náà ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìmìtìtì ń ṣe sí ilẹ̀, àfi kó lọ sí ibi tó ti ń mì. Ọ̀mọ̀wé Mátíásì, ọmọ ilẹ̀ Ṣílè kan tó ti ka iṣẹ́ mi, ló pè mí pé kí n wá bá òun ṣiṣẹ́ fún ọdún kan. Ṣílè wà lọ́hùn-ún ní ìsàlẹ̀ Amẹ́ríkà, ilẹ̀ tóóró tó nà gbọọrọ létí òkun.

Ìyá mi, tó jẹ́ Ìyá Àdúrà nínú ìjọ Aládùúrà wa ní Òde-Ayé, gbààwẹ̀ kí n tó lọ. Nígbà tó ṣínu, ó ní, "Máa lọ. Ẹni tó dá ilẹ̀ ti mọ̀ pé ò ń bọ̀." Bí mo ṣe lọ nìyẹn.

Ibi tí òjò ti di ìtàn

Ẹ̀yin tí ẹ mọ òjò ilẹ̀ Ìkálẹ̀, tí ẹ mọ̀ pé bí ènìyàn bá gbàgbé igi ìdáná sẹ́yìnkùlé, ewé lè hù lórí rẹ̀ kó tó rántí, ẹ bá mi fojú inú wo ibi tí mo dé. Koríko kò sí. Igi kò sí. Òkè ńláńlá wà lápá kan, àwọ̀ wọn dà bíi gàrí tí wọ́n yan jù. Òkun wà lápá kejì. Àárín méjèèjì ni ọ̀nà gbà lọ. Mo ń wo ojú fèrèsé, mo ń dúró de ìgbà tí aṣálẹ̀ yóò parí tí igbó yóò bẹ̀rẹ̀. Kò parí.

Mátíásì tó ń wakọ̀ rí bí mo ṣe ń wò. "Ìyá mi dàgbà níbí," ó ní. "Kò ra agbòjò rí láyé ẹ̀."

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Kò ṣàwàdà.

Abúlé tí a ti fẹ́ ṣiṣẹ́ wà ní ẹsẹ̀ òkè, létí omi níbẹ̀. Apẹja ni gbogbo wọn. Nígbà tí mo rí àwọ̀n tí wọ́n sá, tí òórùn ẹja sì kọlù mí nímú, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ó dà bí ẹni pé mo dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìláje, àfi pé wọ́n ti ká gbogbo ewéko kúrò níbẹ̀.

Ilé Màmá Rósà ni wọ́n fi mí wọ̀ sí. Opó ni, ẹgbẹ́ ìyá mi, irun rẹ̀ funfun, ohùn rẹ̀ sì le bí ti ẹni tó ti ń pariwo borí ìgbì òkun láti kékeré. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà dè wá. Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ báyìí, mo kúnlẹ̀ láti kí i. Ló bá figbe ta! Ó sáré wá, ó dì mí mú lápá méjèèjì, ó ń fà mí sókè, ó ń ké sí Mátíásì pé kó bu omi wá kíá. Ó rò pé mo dákú ni.

Nígbà tí Mátíásì ṣàlàyé fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá fà mí mọ́ra, ó fi ẹnu kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú lóòótọ́. Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn níbẹ̀ nìyẹn, tọmọdé tàgbà, ẹni tí wọ́n mọ̀ àti ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Ó pẹ́ kí ó tó mọ́ mi lára.

Ohun tí kò sì mọ́ mi lára títí mo fi kúrò níbẹ̀ ni kí n máa pe àgbàlagbà lórúkọ. "Rósà ni mò ń jẹ́," ó ní. Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á. Màmá Rósà ni mò ń pè é. Àwọn aládùúgbò kọ́kọ́ ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, nígbà tó yá, àwọn náà ń pè é bẹ́ẹ̀, òun náà sì ń gbé orí sókè tí wọ́n bá ti pè é.

Ata tí kò ta

Búrẹ́dì ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, búrẹ́dì náà ni wọ́n ń jẹ lálẹ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á gbé tíì kalẹ̀, wọ́n á tẹ píà, wọ́n á fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n á sì fi ra búrẹ́dì. Ó parí nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ tí mo dé, mo jẹ ìwọ̀nba, mo fi àyè sílẹ̀ nínú ikùn mi de oúnjẹ gidi. Mo jókòó títí tí Màmá Rósà fi kó àwo kúrò nílẹ̀ tó ní ó dàárọ̀.

Ọ̀sán ni oúnjẹ wọn máa ń tó nǹkan: ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú omi jáde, ẹ̀wà tí wọ́n da sipagẹ́ẹ̀tì mọ́. Màmá Rósà ní ata kan tó ń gún fúnra rẹ̀. "Ṣọ́ra o," ó kìlọ̀ fún mi, "ó ń ta!" Mo bù ú sẹ́nu. Àlùbọ́sà àti tòmátì ni mo gbọ́. Mo bu ṣíbí kejì, mo bu ìkẹta. Gbogbo ẹni tó wà nídìí tábìlì ń wò mí bí ẹni tó ń gbé ẹyin iná mì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹni ọ̀wọ̀ lábúlé.

Ṣùgbọ́n wọ́n rí ẹ̀san gbà lára mi. Nǹkan kan wà tí wọ́n máa ń mú jáde látìsàlẹ̀ òkun, ara rẹ̀ kún fún ẹ̀gún bíi ti òòrẹ̀. Wọ́n á là á, wọ́n á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n á sì gbé e mì bẹ́ẹ̀ láìsè. Bàbá Ramónì, olórí àwọn apẹja, la ọ̀kan, ó gbé e fún mi níwájú gbogbo ènìyàn. Mo rántí pé àlejò kì í kọ oúnjẹ baálẹ̀. Mo gbé e mì. N kò ní purọ́ fún yín, púpurú àti ọbẹ̀ ẹja ìyá mi ni ọkàn mi ń pè lákòókò yẹn.

Ní ìlú ńlá tí a ti máa ń lọ ra nǹkan, ọmọ Haiti ni gbogbo wọn ń pè mí, torí àwọn ọmọ Haiti ni ènìyàn dúdú tí ojú wọn mọ̀. Mo ní Nàìjíríà ni mo ti wá. "Níkarágúà!" ni ọkùnrin tó ń ta èso dáhùn, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó já àlọ́. Mo ní rárá, Áfíríkà. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó sì fún mi ní ọsàn kan lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí ọ̀nà tó jìn. Gbogbo wọn kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan wà tí ọmọbìnrin ibẹ̀ máa ń tẹ̀lé mi lẹ́yìn láti orí pẹpẹ kan dé èkejì, bí ẹni pé ọṣẹ ni mo wá jí. Mo máa ń yíjú sí i, mo máa ń kí i dáadáa, mo sì máa ń san owó mi. N kò fi ìyẹn ba ọjọ́ mi jẹ́.

Kò sí ìjọ Aládùúrà níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, mo wọ aṣọ funfun mi, mo bọ́ bàtà, mo lọ gbàdúrà létí òkun. Ìkúùkù bo gbogbo ibẹ̀. Ìgbà náà ni Bàbá Ramónì ń tukọ̀ bọ̀ láti ojú omi. Ó rí aṣọ funfun tó dúró lórí iyanrìn, kò rí ojú ẹni tó wọ̀ ọ́. Ó fi ẹja sílẹ̀ sínú ọkọ̀, ó sáré lọ jí ìyàwó rẹ̀ pé Wúńdíá Màríà ti sọ̀kalẹ̀ sí abúlé. Nígbà tí wọ́n jáde tí wọ́n rí i pé èmi ni, ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín débi tó fi jókòó sílẹ̀. Bàbá Ramónì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti wà níbẹ̀, kí n kúkú gbàdúrà fún ọkọ̀ òun.

Ife tíì

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a jókòó ti tíì. Ife bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí àwo. Àga tẹ̀lé e, ògiri tẹ̀lé e. Ariwo kan ń bọ̀ láti abẹ́ ilẹ̀ bí ọkọ̀ tó ru igi gẹdú. Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa ìmìtìtì láti ọdún pípẹ́, abẹ́ tábìlì ni mo bá ara mi, mò ń ké, "Mímọ́! Mímọ́! Mímọ́!"

Nígbà tí mo yọjú, Màmá Rósà fi ọwọ́ kan di ife rẹ̀ mú, ó fi ọwọ́ kejì di tèmi mú kí tíì má baà dànù. Ó ń jẹ búrẹ́dì ẹnu rẹ̀ lọ.

"Tembló lásán ni," ó ní. "Jáde wá, tíì rẹ ń tutù."

Orúkọ méjì ni wọ́n ní fún un. Tembló ni èyí tó ń mi ife. Terremóto ni èyí tó ń wó ilé. Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ìyàtọ̀ nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Tí o bá ṣì ráyè béèrè," ó ní, "tembló ni."

Ohun tí ẹ̀rọ ń gbọ́

Nísàlẹ̀ òkun níwájú abúlé yẹn, àwọn ojú kan wà tí ilẹ̀ ti máa ń sán díẹ̀díẹ̀ látọdún dé ọdún, ojú kan náà, lọ́nà kan náà. Ìmì kéékèèké ni. Ènìyàn kì í mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a rì mọ́lẹ̀ ń gbọ́ ọ. Ìmì tòní àti ti èṣín máa ń jọra lójú ẹ̀rọ bí ìbejì, torí ibì kan náà ni wọ́n ti gbéra, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì gbà dé. Bí ọ̀kan bá wá pẹ́ dé ju èkejì lọ, ọ̀nà ló yí padà. Ẹ wo ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn láti Òde-Ayé lọ sí Òkìtìpupa lójoojúmọ́ pẹ̀lú ẹrù kan náà. Ọjọ́ tó bá pẹ́ dé, tí kò sì ṣàárẹ̀, a mọ̀ pé ọ̀nà ti bàjẹ́. Ìpẹ́ tí à ń wá yìí kéré gan-an ju ìṣẹ́jú lọ, ó kéré ju ìgbà tí ojú fi ń ṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń rí i.

Bí ilẹ̀ bá le, ìgbì ìmì yóò yára gbà á kọjá. Bí ó bá rọ̀, ìgbì yóò falẹ̀. Ìmì ńlá máa ń la ilẹ̀ wẹ́wẹ́ nínú níbi tí ojú kò tó, ìyára ìgbì á sì wálẹ̀ lójijì. Lẹ́yìn náà, àwọn àlàfo náà á máa pa dé fún oṣù, fún ọdún, ìyára á sì máa padà bọ̀, gẹ́gẹ́ bí egungun tó ṣẹ́ ṣe ń jinná. Iṣẹ́ wa ni láti máa wo ìyára yẹn láti ìgbà dé ìgbà, kí a lè mọ ibi tí ilẹ̀ sàn dé.

Ìdí tí a fi ń ṣe é lábúlé yẹn ni ilé-ìwé. Ìmì ńlá kan ti jà kí n tó dé. Kò wó ilé-ìwé náà, ṣùgbọ́n ó là á lára, ìjọba sì tì í pa. Láti ìgbà náà, bọ́ọ̀sì ló ń kó àwọn ọmọ lọ sí ìlú ńlá láàárọ̀ kùtù. Wọ́n á padà dé pẹ̀lú oorun lójú. Àwọn òbí fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe lójú ibi tó wà kí wọ́n sì ṣí i. Ìjọba ní àfi kí Mátíásì kọ́kọ́ sọ bóyá ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti sàn.

Màmá Rósà ló ń dáná fún àwọn ọmọ ilé-ìwé yẹn tẹ́lẹ̀. Tí a bá jókòó, á máa sọ̀rọ̀ wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí kì í jẹ ẹja, èyí tó máa ń gbé búrẹ́dì sápò lọ fún àbúrò rẹ̀ nílé. Kò dáná fún ẹnì kankan mọ́ àfi èmi.

"Ìwọ ni yóò ṣí i fún mi," ó máa ń wí. "Mo mọ̀."

Ìpàdé nínú ilé àwọ̀n

Ẹ̀rọ kan wà lábẹ́ ilé-ìwé, òmíràn wà lórí àpáta ní ìpẹ̀kun kejì abúlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tí wọ́n ní. Nígbà tí oòrùn mú gan-an, mo rí i pé ìyára ìgbì ń wálẹ̀ lábẹ́ méjèèjì. Àyà mi já. Mo sáré gbé e lọ bá Mátíásì.

Ó ní kí n wo ti àwọn ọdún tó ti kọjá. Mo wò ó. Lọ́dọọdún ni ó máa ń wálẹ̀ bí oòrùn bá mú, tí ó sì máa ń gòkè padà bí ara ilẹ̀ bá tutù. Níbi tí òjò kì í rọ̀, oòrùn nìkan ti tó láti na ilẹ̀ àti láti sún un kì. Ọkàn mi balẹ̀. Ilẹ̀ ilé-ìwé ti sàn padà sí bó ṣe wà kí ìmì ńlá tó jà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yọ ti oòrùn kúrò nínú rẹ̀, nǹkan mìíràn hàn. Gbogbo ìgbà tí tembló bá wáyé, kódà èyí tí kò ju ti ife tíì lọ, ilẹ̀ abẹ́ ilé-ìwé máa ń rọ̀, ó sì máa ń pẹ́ kó tó le padà. Ti àpáta kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹsẹ̀. Ilẹ̀ ilé-ìwé, iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí iyọ̀ dì pọ̀ ni. Lójú ọjọ́ lásán, bí irin ló ṣe le. Bí ilẹ̀ bá mì, ohun tó dè é á já. Ó dà bí ọrùn-ẹsẹ̀ tó ti yẹ̀ rí: ó jinná lóòótọ́, ṣùgbọ́n kòtò kékeré ti tó láti tún un yẹ̀.

Mátíásì yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Ìwọ lo rí i," ó ní. "Ìwọ ni kí o sọ ọ́ fún wọn."

Inú ilé tí wọ́n ń kó àwọ̀n sí ni ìpàdé ti wáyé. Màmá Rósà jókòó níwájú pátápátá, ó wọ aṣọ tó dára jù. Mo sọ fún wọn pé ilẹ̀ ti sàn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo wá sọ èyí tó kù. Mo ní kí wọ́n má ṣe dá àwọn ọmọ padà síbẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ́ ilé-ìwé sórí àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

Bàbá Ramónì dìde. Ó ní ibẹ̀ jìnnà sí omi, ó ní àpáta le gbẹ́, ó ní tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ kọ́ tuntun, àwọn ọmọ tó wà nínú bọ́ọ̀sì lónìí á ti gbéyàwó kí ìjọba tó parí rẹ̀. "Ilé-ìwé yẹn dúró nígbà terremóto," ó ní. "Ìwọ tí o wọ abẹ́ tábìlì nítorí tembló, ìwọ ló fẹ́ kọ́ wa ní ìmì ilẹ̀?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

"Mo wọ abẹ́ tábìlì lóòótọ́, bàbá," mo ní. "Ẹ̀rọ kò wọ̀ ọ́."

Ìpàdé tú láìní ojútùú. Màmá Rósà kò bá mi rìn lọ sílé. Ní ìrọ̀lẹ́ ó gbé búrẹ́dì kalẹ̀ fún mi, ó dúró, kò jókòó.

"Mo fi ọmọ mú ọ," ó ní. "Mi ò mọ̀ pé ìwọ ni yóò ti ilẹ̀kùn náà."

Láti ìgbà náà, oúnjẹ kò yẹ̀ lórí tábìlì, aṣọ mi kò dọ̀tí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tán láàárín wa. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ilẹ̀ òkèèrè rí mọ bí ó ṣe ń rí kí ẹnì kan ṣoṣo tó ń pè ọ́ lọ́mọ dákẹ́ sí ọ. Mo sunkún. Mo tún iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, mo ń wá ibi tí mo ti lè ṣì í. N kò rí i. Torí náà n kò yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Terremóto

Ọ̀sán gangan ni. Mò ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé, Màmá Rósà ń ha ìpẹ́ ẹja nítòsí mi. Ilẹ̀ gbọ̀n. Ó ti mọ́ mi lára, mo di okùn aṣọ mú, mo ń retí kí ó kọjá. Kò kọjá. Ó ń le sí i. Ilẹ̀ ń gbé mi lọ síwá sẹ́yìn bí ẹni tó dúró nínú ọkọ̀ ojú omi, òkúta ń yí bọ̀ láti orí òkè, eruku bo ojú oòrùn. Mo wo Màmá Rósà. Ó ti ju ọ̀bẹ sílẹ̀.

N kò béèrè ohunkóhun.

Ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti gbéra. Gbogbo ìwé tí mo kà, kò sí èyí tó wá sí mi lọ́kàn. Màmá Rósà ló gbá mi mú lọ́rùn-ọwọ́, ó fà mí débi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. "Òkè!" ó ń ké. "Òkè! Má wẹ̀yìn!" Ilẹ̀ kò tíì dúró tán tí a ti ń gun òkè. Fèrè ìkìlọ̀ ń dún láti etí omi pé òkun lè gòkè wá. Gbogbo abúlé ló ń gòkè, láìsí ìtìkutì, àwọn ọ̀dọ́ gbé àwọn arúgbó pọ̀n. Bí wọ́n ṣe ń dé òkè ni wọ́n ń pe orúkọ ara wọn, ilé kan tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tí wọ́n dé ilé Màmá Rósà, ó dáhùn fún ara rẹ̀, ó sì tún pariwo pé, "Bọ́sẹ̀ wà níbí!"

A jókòó lórí òkúta, a ń wo ìsàlẹ̀. Òkun fà sẹ́yìn, ó fà débi tí a fi rí ilẹ̀ tí ènìyàn kì í rí, tí àwọn ọkọ̀ dùbúlẹ̀ lórí ẹrẹ̀. Ó wá padà dé. Kò sáré, ó kàn ń gòkè ṣáá. Ó gbé àwọn ọkọ̀, ó gbá wọn mọ́ ara wọn, ó wọ ilé àwọ̀n, ó sì padà lọ. Kò sí ẹni tó kú; àwọn ọmọ ṣì wà nílé-ìwé ní ìlú ńlá. Ọkọ̀ Bàbá Ramónì fọ́ sí méjì. Ó ń wò ó láti òkè.

"Ẹsẹ̀ rẹ ń ṣẹ̀jẹ̀," Màmá Rósà wí. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé sálúbàtà mi ti bọ́ sọ́nà. Ó ya etí épúròònù rẹ̀, ó fi dì í fún mi. Lẹ́yìn náà kò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí orúnkún mi títí wọ́n fi ní kí a máa sọ̀kalẹ̀.

Ilé-ìwé ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ gbà lọ. Ògiri tó wà lẹ́yìn pátákó ìkọ̀wé ti wó lulẹ̀, ó sì bo ibi tí àwọn ọmọ máa ń jókòó sí. Ilẹ̀ ilé ìdáná ti là láti ẹnu ọ̀nà dé ìkangun kejì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì orí àpáta, ọ̀pá àbẹ́là nìkan ló ṣubú. Kò sí ẹni tó mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ìpàdé, èmi náà kò mẹ́nu kàn án. Mátíásì àti èmi lọ gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ fẹ́ sọ. Ìyára ìgbì lábẹ́ ilé-ìwé ti jábọ́ ju bí a ti rí i rí lọ. Ti abẹ́ àpáta wálẹ̀ díẹ̀, ó sì ti gòkè padà kí n tó kúrò níbẹ̀.

Ìbéèrè Bàbá Ramónì

Wọ́n tún pe ìpàdé. Ìta gbangba la jókòó sí, torí ilé àwọ̀n ṣì kún fún ẹrẹ̀. Mátíásì fi ohun tí ẹ̀rọ rí hàn wọ́n. Kò sí ẹni tó bá a jiyàn. Nígbà tó ṣe, Bàbá Ramónì dìde. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó mú un dání.

"Ọmọ mi," ó ní, èmi ló kọjú sí, "ìgbà wo ni òmíràn ń bọ̀?"

Gbogbo wọn wò mí. Ìyá tó gbé ọmọ sẹ́sẹ̀ dá ọmọ náà lẹ́kun kó lè gbọ́. Mo mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Nílé wa níbí náà, ohun tí ẹ ń fẹ́ lẹ́nu mi nìyẹn.

"Mi ò mọ̀, bàbá," mo ní. "Ọ̀mọ̀wé Mátíásì kò mọ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun mọ̀, ẹ lé e lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó yẹ kí àwọn ọmọ wà nígbà tó bá dé."

Ó dé fìlà rẹ̀ padà, ó jókòó.

Màmá Rósà ló wá dìde. Mo rò pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ilé-ìwé. Ó gbọn yẹ̀rì rẹ̀, ó wo àwọn ọkùnrin yíká.

"Ó dáa," ó ní. "Ààrò irin mi ṣì wà nínú ilé ìdáná tó là yẹn. Ìjọba á kọ́ ilé nígbà tó bá wù wọ́n. Àwọn ọmọ á jẹun lónìí. Ta ni yóò bá mi gbé e lọ sórí àpáta?"

Wọ́n dìde. Ààrò ńlá ni, irú èyí tí wọ́n ń rọ láyé àtijọ́, tó ń jó igi. Wọ́n ti ọ̀pá ọkọ̀ tó ti fọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Ó ku igun kan tí kò ní ẹni tó mú un, èjìká mi sì bọ́ síbẹ̀. Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ mi. Mo gbé e pẹ̀lú wọn. Bàbá Ramónì wà níwájú, ó ń lé orin tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ jáde kúrò nínú omi, àwa yòókù ń gbè é. A gba àárín abúlé kọjá, a gun ọ̀nà òkúta, a sinmi, a tún gbé e. A sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

Màmá Rósà ṣáná sí i. Ó gbé ìkòkò kaná, ó da ẹ̀wà sí i. Nígbà tí bọ́ọ̀sì kó àwọn ọmọ dé láti ìlú ńlá, wọ́n rí èéfín lórí àpáta, wọ́n sì gba ibẹ̀ gòkè wá.